Ohun tí mo fi ẹnu ara mi ṣe ní Òrè

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí ogun dé Òrè. Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni pé ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ yunifásítì, jókòó sí pálọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé tí orílẹ̀-èdè yìí bá máa tú, kó tú, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ, tó bá sì di ìjà, a jọ máa jà á ni. Gúgúrú ló ń jẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wò ó títí. Mi ò bá a wí. Mo kàn ní kó bá mi mú bírò àti ìwé wá.

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé, Enugu, Onitsha, Port Harcourt, ebi àti àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú ni wọ́n máa ń dárúkọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti Òrè kéré sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ní ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti fẹnu ko Mìdíwẹ́ẹ̀sì, àgbègbè tí Bìní àti Asaba wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó wà nílé wọn n'Íbàdàn àti l'Ékòó nígbà náà tiẹ̀ fi ń ṣe àwàdà. Bí iyán bá le, bí ìdánwò bá le, wọ́n á ní, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi máa ń dìde lọ wo iná ọbẹ̀ ni.

Òrè ìgbà náà kì í ṣe èyí tí bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ń dúró jẹun sí lónìí. Abúlé oríta ni. Ọ̀nà Oǹdó wá láti òkè, ti Òkìtìpupa wá láti ìsàlẹ̀, wọ́n pàdé ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní. Ẹni tó bá di oríta yẹn mú lè yà sí Ìbàdàn, ó sì lè kọrí sí Èkó. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀ pé ohun tí oríta ń ṣe nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé lọ́rì agbégẹdú ń jáde láti inú igbó, igi tó gùn ju ilé lọ lẹ́yìn wọn, ebi sì ń pa àwọn dẹ́rẹ́bà. Búkà màmá mi ni wọ́n ti ń jẹun. Páánù mẹ́jọ péré ló bò ó. Bàbá mi ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Èmi ni mò ń fọ abọ́, tí mò ń bu ẹran, tí mo sì ń ka owó.

Ẹ̀gbẹ́ wa ni Bọ̀dá Télọ̀ ń jókòó sí, lábẹ́ àtíbàbà, òun àti Singer rẹ̀. Ará Asaba ni. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Yorùbá rẹ̀ dára débi pé ó máa ń bá màmá mi ná owó oúnjẹ, á ní, "Ìyá, ẹran yìí ti kéré jù, ṣé èmi náà ni mo pa bàbá rẹ̀ ni?" Tó bá ti ń wọn aṣọ, èdè rẹ̀ ló fi ń ka nọ́ńbà lábẹ́ ahọ́n: otu, abụọ, atọ. Èmi a máa kà á tẹ̀ lé e títí mo fi mọ̀ ọ́n dé ogún. Inú rẹ̀ a máa dùn. Ó sọ pé tí mo bá kà á dé ọgọ́rùn-ún, òun á rán bùbá Kérésì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn Ìgbò nílẹ̀ Hausa ní 1966, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ irú èdè rẹ̀ ti kó ẹrù kúrò lọ́dọ̀ wa. Òun ò lọ. Ó ní ọmọ Mìdíwẹ́ẹ̀sì lòun, ìjà Gowon àti Ojukwu ò kan àwọn, odò Ọya ló pààlà. Màmá mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 9 oṣù Ògún, 1967, kò sí lọ́rì kankan tó wá láti Bìní. Oúnjẹ èèyàn ogójì la ti sè. Títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni mọ́kànlá ló jẹun. Ohun tí màmá mi ń bínú sí ni ọbẹ̀ tó máa kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ogun kì í wọlé pẹ̀lú ìbọn, kì í sì í dárúkọ ara rẹ̀. Ọjà tí kò yá ló fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa. Bí ojú ọ̀nà tó máa ń kún bá dá páropáro lójijì, ẹ má jókòó máa ṣírò iye tí ẹ pàdánù.

Ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé sí rédíò akọ̀wé gẹdú. Àwọn ọmọ ogun Biafra, apá Ìlà Oòrùn tí Ojukwu yà kúrò lára Nàìjíríà, ti sọdá afárá odò Ọya ní Asaba, wọ́n sì ti wọ Bìní lọ́jọ́ yẹn gan-an, láìsí ìjà tó ṣe gúnmọ́. A gbọ́ pé lọ́rì akérò àti mọ́tò akẹ́rù ni wọ́n kó ara wọn sí, irú èyí tó máa ń já iṣu sílẹ̀ níwájú búkà wa. A gbọ́ pé Victor Banjo ni olórí wọn. Orúkọ yẹn ló ṣe wá. "Banjo kẹ̀? Ọmọ wa ni," bàbá kan tó ń ta sìgá wí. "Ṣé ọmọ Yorùbá á kó ṣọ́jà wá pa Yorùbá?" Ọ̀rọ̀ náà tu gbogbo èèyàn lára. Àwọn tó ti di ẹrù tú u. Àṣìṣe ńlá ni. Ọta ìbọn ò béèrè ìlú ẹni tó yìn ín. Banjo fúnra rẹ̀ ò rí ojúure gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń jà fún: ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n yìnbọn fún un ní Enugu, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìyẹn ni ìjọba gba Bìní padà.

Kí ló tún dá wa dúró? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: ẹ̀gẹ́ ni. A ti rin àpò mẹ́rin, a ti gbé òkúta lé e, kò tíì gbẹ tó yíyan. Màmá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká yan gàrí yìí ká tó máa lọ." Àwọn dẹ́rẹ́bà jẹ wá ní pọ́n-ùn mẹ́rin àti ṣílè díẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Ewúrẹ́ wa náà fẹ́ bímọ. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè lẹ́yìn ìgbà náà ló ní ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Ti ẹnì kan ni ìdókòwò kòkó, ti ẹnì kan ni ìyàwó tó lóyún oṣù mẹ́jọ, ti ẹnì kan ni kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀gá rẹ̀. Gàrí náà, a yan án tán. A ò jẹ nínú rẹ̀.

Ṣọ́jà ìjọba ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọdékùnrin ni, bàtà wọn ṣì ń dán, àwọn mìíràn ò lè mú ìbọn wọn dúró dáadáa. Inú wa dùn sí wọn. Ṣé àwọn tó wá gbà wá nìyẹn? Wọ́n gé gẹdú dí ojú ọ̀nà Bìní, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n wá jẹun. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sanwó. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fún mi ní ṣúgà onígun, mo fi sẹ́nu, mo sì rò pé mo ti di ẹni pàtàkì.

Ọjọ́ kẹta ni. Sájẹ́ǹtì kan àti àwọn mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mò ń bu ẹran sínú abọ́. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Ṣe mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n ni, kí ẹni tó fún mi ní ṣúgà tún rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí mo ṣe ń ju ẹran sí abọ́ sájẹ́ǹtì: "Otu. Abụọ. Atọ."

Òkèlè tó fẹ́ fi sẹ́nu, ó dá a padà sínú abọ́. Ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá fi Yorùbá tí kò já gaara bi mí, ohùn rẹ̀ sì tutù, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo nawọ́. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n fa Bọ̀dá Télọ̀ jáde lábẹ́ àtíbàbà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ka iye ṣọ́jà tó dé kó lè fi ránṣẹ́ sí Bìní. Wọ́n fi bẹ́líìtì lù ú. Wọ́n ta maṣíìnì rẹ̀ nípàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ onírin ṣẹ́. Àwọn tó ń wọ aṣọ tó rán wà níbẹ̀. Mo rí akọ̀wé gẹdú nínú ṣòkòtò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ kọ́bọ̀ nù.

Màmá mi nìkan ló rìn jáde. Wọn ò sunkún. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi gbàdí, wọ́n lọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí. "Ọ̀gá mi, ọkọ mi ni. Ẹ ṣàánú mi, ọkọ mi ni o." Ṣọ́jà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo rò. Ó wo màmá mi, ó wo ọkùnrin náà. Ó dájú pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó bá sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ ní Hausa, ó sọ ọ́ pẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a ní Òrè, àwọn á mọ ohun tí àwọn máa ṣe fún un àti fún ìyàwó rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú tán ni màmá mi ti sè é ní iṣu, tí wọ́n sì fi òrí pa ẹ̀yìn rẹ̀. Orí maṣíìnì náà wúwo, kò lè gbé e gba inú igbó. Ó wé e mọ́ ìró màmá mi àtijọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé e." Ìhà Bìní ló kọrí sí, ó fẹ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn Ìsòbò (Urhobo) tó ń kọ ẹyìn ń gbà, kó tó lè já sí ilé. Mo dúró lẹ́yìn ògiri. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó ní, "Apá kan ló kù lára bùbá ẹ." Ó lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Mi ò kórìíra ọkùnrin yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi lówó. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ta aládùúgbò rẹ̀ lógun ti ní ín lọ́kàn tipẹ́. Irọ́ ni. Ìfẹ́ pé kí alágbára rẹ́rìn-ín síni ti tó. Nítorí náà, bí ṣọ́jà bá dé àdúgbò yín, bó ti wù kí wọ́n jẹ́ tiyín tó, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gbé oúnjẹ fún wọn. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n dáhùn ohun tí wọ́n bá bi wọ́n, kí wọ́n dákẹ́. Bí ẹnì kan bá wà láàrin yín tí wọ́n lè torí èdè tàbí ilà ojú rẹ̀ mú, ẹ ti fẹnu kò sí ohun tí gbogbo ilé máa pè é kí wọ́n tó béèrè. Màmá mi rí ọ̀rọ̀ sọ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ahọ́n wọn yá. Ẹlòmíràn ò ní rí i.

Nígbà tí ìbọn dún, a ò mọ̀ pé ìbọn ni. Òwúrọ̀ kùtù ni, òjò ń sẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n ń já gẹdú sílẹ̀ látorí lọ́rì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni igi máa ń dún tó bá lu ara wọn: gbì, gbì, ó dákẹ́, gbì. Lẹ́yìn náà ni ohun kan gba òrùlé wa kọjá, ojú páánù ya bí ìwé, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì bọ́ sórí ẹní tí màmá mi ti dìde kò tíì pẹ́. Mo ṣì ń wo ìmọ́lẹ̀ náà nígbà tí wọ́n fa ẹsẹ̀ mi wálẹ̀.

Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ má dìde wo fèrèsé. Bíríkì alámọ̀ tó nípọn sàn ju páánù àti pákó lọ. Ìdí ààrò wa tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló gbà wá. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má sáré jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn méjì tó sáré jáde ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dákẹ́ ni a sin ní Òrè.

Ìgbà tí a wá jáde, a jẹ́ mẹ́jọ: màmá mi, ìyá àgbà, àǹtí mi àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, ọmọkùnrin kékeré méjì tí a ò mọ ìyá wọn, bàbá onísìgá, àti èmi. Ahéré kòkó àbúrò màmá mi lápá Òdìgbò ni à ń lọ. Ẹ wá wo ẹrù. Màmá mi gbé ìkòkò irin àti iyọ̀. Bàbá onísìgá gbé rédíò tí báńtìrì rẹ̀ ti kú. Èmi gbé bàtà mi tuntun àti bùbá alápá kan. Ẹnikẹ́ni ò mú ìṣáná. Ẹnikẹ́ni ò mú ike omi. Kẹ̀kẹ́ la gbé ìyá àgbà lé, nígbà tí a kúrò lójú ọ̀dà, kẹ̀kẹ́ di ẹrù, a jù ú sínú igbó, a sì ń pọ̀n wọ́n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sọ fún wa pé ká fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ sísá wa nìyí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo wá ṣe fún ọdún 31 ló jẹ́ kí n lóye rẹ̀. A bẹ̀rù èéfín. Wọ́n ní tí ṣọ́jà bá rí èéfín nínú igbó, wọ́n á yìn ín lọ́ta. Nítorí náà a ò dáná, a sì ń mu omi odò bó ṣe wà. Ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ àǹtí mi. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Àwọn àgbàlagbà ní kí a má fún un lómi mọ́, pé omi ló ń dà jáde. A gba omi lẹ́nu ọmọ tí òùngbẹ ń pa. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Ìbọn kankan ò bá a. Abẹ́ igi kòkó la sin ín sí, bàbá onísìgá fi rédíò rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí igi ò wọlé mọ́.

Iyọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àbúrò màmá mi ní ṣúgà nínú agolo nínú ahéré. Omi tí a sè, lítà kan, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tí ṣúgà rẹ̀ ò ga, ìdajì ṣíbí iyọ̀, ká máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbàkigbà tó bá yàgbẹ́. Mo ti fi kọ́ àìmọye ìyá ní kílíníìkì. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka ṣíbí kẹfà, mo máa ń rí agolo yẹn.

Ọkùnrin Ìsòbò kan tó ń kọ ẹyìn ló wá fi hàn wá, ó ti pẹ́ jù, pé èèyàn lè dáná nínú igbó. Ìdájí, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ilẹ̀, ni ó máa ń dá tirẹ̀. Igi tó ti gbẹ kanrin, tí a ti bó èèpo rẹ̀, iná kékeré nínú kòtò, lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ki. Èéfín á fọ́n káàkiri nínú ewé kó tó dé òkè. Ó yà á lẹ́nu pé àwa ọmọ onílẹ̀ ò mọ èyí. A jẹ́ ọmọ oríta, ẹnu ọ̀dà la mọ̀.

Ọjọ́ 19 la lò níbẹ̀. Nígbà tí a padà, ìjọba ti lé àwọn ọmọ Biafra kúrò, ogun ti kọjá sí ọ̀nà Bìní lábẹ́ Murtala Mohammed. Òórùn la kọ́kọ́ pàdé. Búkà wa ṣì dúró, ewúrẹ́ wa ò sí. Ẹnì kan ti yàgbẹ́ sínú ìkòkò wa ńlá. Bóyá ṣọ́jà tiwa ni, bóyá tiwọn ni, ìgbẹ́ ò wọ yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọdé ń ṣa kórofo ọta ìbọn, wọ́n sì ń fi ṣe fèrè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan rí ohun tó dà bí ọ̀pẹ̀yìnbó kékeré onírin, ó fi òkúta lù ú. Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohunkóhun tí ṣọ́jà bá fi sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ fi igi gbọọrọ sàmì sí ibẹ̀, ẹ lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Òrè kò gbé wa mọ́, a lọ bá àwọn ẹbí wa ní Oǹdó. Kí màmá mi tó sá nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ti ri pọ́n-ùn 23 mọ́lẹ̀ nínú agolo mílíìkì nídìí ààrò. Wọ́n ní kó ṣì wà níbẹ̀, pé ilẹ̀ ò ní ta wọ́n. Òótọ́ ni, ilẹ̀ ò tà wọ́n. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1968 ni ìjọba pààrọ̀ owó kí Biafra má bàa rí ti tẹ́lẹ̀ ná. Wọn ò fún wa ní oṣù kan. Ara ìyá àgbà ò yá, ọ̀nà kún fún ibi àyẹ̀wò ṣọ́jà, ẹ̀rù sì ń ba màmá mi láti kọjá níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé ìdí ààrò náà, owó náà pé pérépéré, ó gbẹ, ó mọ́, kò sì lè ra àkàrà. Ẹ pín owó sí ibi mẹ́ta, kí èyí tó pọ̀ jù wà lára yín. Kí ẹnì kan nínú ilé sì máa gbọ́ rédíò lójoojúmọ́, báńtìrì ṣe pàtàkì ju rédíò lọ.

Láàárín gbogbo èyí, orí maṣíìnì náà wà lábẹ́ ibùsùn màmá mi. Àbúrò wọn ló tọ́jú rẹ̀ sí ahéré nígbà ìjà. Wọ́n máa ń fi epo kẹrosíìnì nù ún lóṣooṣù kó má bàa dípẹtà. Ogun parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. A retí rẹ̀ lọ́dún yẹn. A retí rẹ̀ lọ́dún kejì. Nígbà tó di 1971, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, owó ò sí. Mo délé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, abẹ́ ibùsùn ṣófo, ìró àtijọ́ náà wà ní kíká lórí àga. Owó ilé-ìwé mi wà lórí tábìlì. Mi ò béèrè. Màmá mi ò sọ. Wọ́n kú ní 1994 láìjẹ́ pé àwa méjèèjì dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Asaba, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ìjọba kò sọ ọ́ lórí rédíò. Ìgbà tí mo ti di àgbà ni mo gbọ́ pé ní oṣù Ọ̀wàrà 1967, nígbà tí ṣọ́jà ìjọba lé Biafra dé etí odò Ọya, àwọn ará Asaba jáde wá kí wọn káàbọ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń pariwo pé Nàìjíríà kan ni àwọn fẹ́. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀ ní Ogbe-Osowa, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ní 2002, Gowon lọ síbẹ̀ lọ tọrọ àforíjì.

Ẹni tó kúrò ní Òrè ní àárín oṣù Ògún, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, á ti délé kó tó di oṣù Ọ̀wàrà. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo tún máa ń ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn: pé ó ṣì sọdá odò kí wọ́n tó gé afárá, pé ó wà ní Onitsha, pé ó di bàbá arúgbó, pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 1988 mo bá bọ́ọ̀sì kan dé Asaba fún iṣẹ́, mo wà nínú mọ́tò páàkì fún wákàtí méjì. Àwọn télọ̀ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo lọ bá èyí tó dàgbà jù nínú wọn, mo ní kó bá mi rán apá bùbá kan. Ó ní níbo ni bùbá náà wà, kí òun lè wo àwọ̀ rẹ̀. Mo ní mi ò mú un wá. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ó sì padà sídìí maṣíìnì rẹ̀.